Dìpòmú: Ibi Tí Obìnrin Ń Sá Sí

Nínú ilé tí a gbé dàgbà, yàrá mẹ́rìnlá ló kọjú síra wọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín. Irú ilé tí wọ́n ń pè ní face-me-I-face-you l'Ékòó ni. Bí ẹnì kan bá ń se ọbẹ̀ ní yàrá kìíní, ẹni tó wà ní yàrá kẹrìnlá á mọ̀ bóyá ẹja ni àbí ẹran. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè sọ pé òun ò gbọ́ nígbà tí ọkọ inú yàrá kẹsàn-án bá ń na ìyàwó rẹ̀. A gbọ́. Gbogbo wa la gbọ́. Ohun tí à ń ṣe ni pé à ń yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè.

Lóru ọjọ́ kan, ó wá kan ilẹ̀kùn wa. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ kan ti wú. Ìyá wa ṣílẹ̀kùn fún un, ó bu omi fún un mu, ó tẹ́ ẹní fún un. Kò bi í ní ìbéèrè kankan. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn àgbà ilé péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàbá onílé jókòó láàárín wọn. Wọ́n ní kó kúnlẹ̀ kó bẹ ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní, "Ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́ ni. Ṣé o fẹ́ dálémosú ni? Ta ló máa bá ẹ tọ́ ọmọ yìí?" Ó kúnlẹ̀. Wọ́n sìn ín padà sí yàrá kẹsàn-án. Láti ẹnu ọ̀nà tiwa sí tiwọn kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ.

Kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn tí a jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí a ò rí i mọ́, òun àti ọmọ rẹ̀. Ìkòkò rẹ̀ ṣì wà lórí sítóòfù. Títí di òní, a ò mọ ibi tó gbà lọ.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sọ wá di ẹni tó ń ka ìwé ìtàn. Ohun tí à ń wá kò pọ̀: ṣé ìgbà kan wà rí nílẹ̀ Yorùbá tí obìnrin tí wọ́n ń lù ní ibi tó lè sá sí? Àwọn tó ń jiyàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń sọ pé ilé ààbò jẹ́ nǹkan òyìnbó, pé ìfaradà ni àṣà tiwa. Ìtàn tí a rí kò gbè wọ́n rárá. Ibi ìsádi wà, ó sì ti wà tipẹ́. Àmọ́ kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ nínú wọn. Ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn ló máa ń dá iye tí ẹni tó ń sá bọ̀ máa san. Ìtàn àwọn ilẹ̀kùn yẹn la fẹ́ sọ.

Ilé bàbá

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú agbo-ilé. Obìnrin tó bá lọ sílé ọkọ nílẹ̀ Yorùbá kì í fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Nílé ọkọ, ìyàwó ilé ni. Nílé bàbá rẹ̀, ọmọ osú ni títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ó ń wá síbi ìnáwó, ó ń wá síbi òkú, ó lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ogún, àwọn ìyàwó ilé sì gbọ́dọ̀ máa bọ̀wọ̀ fún un, bó tilẹ̀ kéré sí wọn lọ́jọ́ orí. Ẹ̀tọ́ yìí ló jẹ́ kó ní ibi tó lè padà sí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà, dálémosú, ti wá. Lónìí, èébú ni. Wọ́n á sọ ọ́ sí obìnrin létí bí ẹni ń ju òkò. Àmọ́ ẹ tún ọ̀rọ̀ náà gbọ́ dáadáa: ó ń sọ fún wa pé ilé kan wà láti padà sí, àti pé àwọn tó padà síbẹ̀ pọ̀ débi tí èdè fi ní orúkọ fún ohun tí wọ́n ṣe. Ìlú tí obìnrin kì í ti í kúrò nílé ọkọ kò ní nílò irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Agbo-ilé fúnra rẹ̀ sì ní ọ̀nà tó ń gbà ṣọ́ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Yàrá yí àgbàlá ká, igbe ẹnì kan kò lè pamọ́. Baálé ló ń gbọ́ ẹjọ́, àmọ́ ìyálé àti àwọn ìyá àgbà ló sábà máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Kéèyàn wọ àárín tọkọtaya tó ń jà kì í ṣe àyọjúràn nígbà náà, ojúṣe ni. Àwọn ẹbí ìyàwó náà lè wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ wọn, torí pé ìdílé méjì ló jọ ṣe ìgbéyàwó, kì í ṣe ẹni méjì péré.

Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, àmọ́ ó ti kú kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an láyé àtijọ́. Àwọn tó ń wàásù ìfaradà fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn. Wọn kì í sábà ka èyí tó kù. Johnson yìí kan náà ló kọ ọ́ pé obìnrin lè béèrè ìkọ̀sílẹ̀ bí ọkọ rẹ̀ bá rorò kọjá ààlà, tí ẹ̀rí sì wà fún un. Ẹ̀rí, ta ló máa jẹ́ ẹ? Ará ilé ni. Ẹni tí yàrá rẹ̀ kángun sí tiwọn ni. Tí ẹni yẹn bá yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tó sọ pé òun ò gbọ́, obìnrin náà ò ní ẹjọ́ láti rò.

Ká má parọ́ o, ilé bàbá kì í ṣe párádísè. Ìdílé tó ti ná owó ìdána lè má fẹ́ gbọ́ pé ọmọ ń bọ̀ wálé. Bàbá lè ní kó padà kó lọ tọrọ àforíjì, kí ojú má baà ti òun láàárín ẹgbẹ́. Bó bá sì kúrò nílé ọkọ pátápátá, ti ìdílé bàbá ni àwọn ọmọ. Ọ̀pọ̀ ìyá ló wo ọmọ rẹ̀ tó sì jókòó. Iye tí ilé bàbá ń gbà nìyẹn.

Òpó ilé ìjòyè

Bí ilé bàbá bá jìnnà ńkọ́? Bí ẹbí bá ní kó padà ńkọ́? Ọ̀nà kan ṣì kù, ìyẹn ni dìpòmú. Ẹ tú u wò: di òpó mú. Ẹni tí wàhálà bá ń lé, bóyá ẹrú tí olówó rẹ̀ ń fìyà jẹ, bóyá ẹni tí gbèsè bò mọ́lẹ̀, bóyá aya tí ara rẹ̀ ò gba ìyà mọ́, lè sá wọ ààfin ọba tàbí agbo-ilé ìjòyè ńlá. Bó bá ti di òpó ilé mú, ó ti bọ́ sábẹ́ ààbò onílé nìyẹn. Ẹni tó ń lé e bọ̀ kò lè wọlé wá fà á jáde bó ṣe wù ú. Àfi kó lọ bá ìjòyè yẹn sọ̀rọ̀.

Nígbà tí a kọ́kọ́ kà nípa èyí, inú wa dùn débi pé a fẹ́ pariwo. Ẹ wò ó, ilé ààbò ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí òyìnbó tó dé! Àmọ́ bí a ṣe ń kà á lọ ni ẹ̀rín ń kúrò lẹ́nu wa.

Nínú ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun gba ilẹ̀ Yorùbá kan. Ìlú bí Ìbàdàn kún fún àwọn balógun, agbára balógun sì wà nínú iye èèyàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀: àwọn tó ń bá a jagun, àwọn tó ń bá a roko, àwọn tó ń bá a ru ẹrù. Lójú irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, ẹni tó sá wá di òpó mú jẹ́ èèyàn kan tó lé sí agbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn fi máa ń ṣí kíá. Ẹni tó di òpó mú ti di ti onílé. Obìnrin tó sá fún ọkọ kan lè bá ara rẹ̀ nínú ilé ọkọ mìíràn tí kò yàn fúnra rẹ̀. Ó bọ́ lọ́wọ́ ẹgba, òótọ́ ni, àmọ́ kò bọ́ sọ́wọ́ ara rẹ̀.

Àwọn obìnrin náà ní ìjòyè tiwọn. Ìyálóde ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú, ó sì ń gbọ́ ẹjọ́ láàárín àwọn obìnrin. Àmọ́ Ìyálóde kan ṣoṣo ni láàárín ọ̀pọ̀ ọkùnrin, ohùn kan kì í sì í borí ogún.

Síbẹ̀, nǹkan kan wà nínú dìpòmú tí a ò fẹ́ kó sọnù. Gbogbo ìlú ló gbà pé ẹni tó ń sá nítorí ẹ̀mí rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti rí ibì kan dì mú. Kò sí ẹni tó ń bi í lẹ́nu ọ̀nà pé, "Kí lo ṣe fún un tó fi nà ẹ́?" Ó kọ́kọ́ wọlé ná. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́.

Kóòtù

Ní 1893, àwọn aláṣẹ Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn tọwọ́ bọ àdéhùn pẹ̀lú Gómìnà Carter ti Èkó. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ láti Èkó, ó gba Abẹ́òkúta, ó dé Ìbàdàn ní 1901. Ojú ọ̀nà là. Èèyàn lè jáde nílé láàárọ̀ kí ó sì wà ní ìlú mìíràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Iṣẹ́ olówó oṣù dé, kóòtù dé, obìnrin tó ń ṣòwò sì lè ní owó tí ọkọ rẹ̀ ò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ìyá ìyá wa ṣe. Onímọ̀ ìtàn Judith Byfield ti ṣe ìwádìí lórí Abẹ́òkúta láàárín 1892 sí 1904. Ó fi hàn pé àwọn obìnrin kò jókòó máa retí ẹnikẹ́ni. Wọ́n gba kóòtù lọ láti já ìgbéyàwó tí kò tù wọ́n lára, ọ̀rọ̀ náà sì di ẹrù ńlá lórí àwọn aláṣẹ ìlú. Ohun tí à ń pè ní "ayé òde òní tó ba obìnrin jẹ́" ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí o.

Bí kóòtù ìbílẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn láti lóye. Obìnrin á wá, á rojọ́ pé òun ò fẹ́ ọkọ mọ́. Wọ́n á gbọ́ tẹnu ọkọ, wọ́n á gbìyànjú láti parí ìjà. Bí kò bá ṣeé parí, ìbéèrè tó kù ni pé èló ni ọkọ ná lórí ìyàwó. Owó ìdána gbọ́dọ̀ padà. Obìnrin náà, tàbí ẹbí rẹ̀, tàbí ọkùnrin mìíràn tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ló máa san án. Ẹ rí i pé ìtàn dìpòmú tún dé: obìnrin tí kò lówó lọ́wọ́ lè nílò ọkùnrin kejì kó tó lè bọ́ lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́.

Ní 1957, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe òfin tuntun tó tún àwọn kóòtù ìbílẹ̀ tò, àwọn kóòtù yìí ló sì ń tú ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ká káàkiri ìlú wa títí di òní. Àwọn tó ṣe ìgbéyàwó ní ilé ìforúkọsílẹ̀ tàbí nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé àṣẹ wà lábẹ́ òfin mìíràn, èyí tí ìjọba ológun gbé jáde ní 1970. Òfin yẹn ní kí tọkọtaya má ṣe gbé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ wá kí ìgbéyàwó tó pé ọdún méjì, àyàfi bí ilé ẹjọ́ bá fọwọ́ sí i nítorí ìyà tó pọ̀ jù.

Àmọ́ ohun kan wà tí kóòtù kankan nínú wọn kò ní. Kóòtù lè tú ìgbéyàwó ká, kò ní ibùsùn. Á sún ẹjọ́ sí oṣù tó ń bọ̀, obìnrin á sì padà lọ sùn sí yàrá tí ẹni tó pè lẹ́jọ́ wà. Kóòtù kì í ṣí lóru, òru sì ni wọ́n sábà máa ń kan ilẹ̀kùn.

Ìlú ńlá

Lẹ́yìn òmìnira, ọ̀pọ̀ lára wa kó wá sí ìlú ńlá. Agbo-ilé di yàrá kan àti pálọ̀. Baálé di bàbá onílé tó ń gbowó oṣù. Ìyálé di aládùúgbò tí a ò mọ orúkọ rẹ̀ ju ti ọmọ rẹ̀ lọ. Ògiri ṣì ń jẹ́ ká gbọ́ igbe bíi ti agbo-ilé, àmọ́ kò sí ẹni tó ní ojúṣe láti wọlé mọ́. Ohun tí a kó wá láti ilé kò ju òwe lọ: ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́. A gbàgbé òwe kejì pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Bó bá lọ bá ọlọ́pàá, ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń gbà ni pé, "Ọ̀rọ̀ ilé ni, madam, ẹ lọ yanjú ẹ nílé." Fún àwọn Yorùbá Ìlọrin, Ọ̀fà àti gbogbo agbègbè Kwara, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ṣe fún Àríwá Nàìjíríà ní nǹkan bí ìgbà òmìnira ní abala kan, abala 55, tó sọ pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ bí ọkọ bá na ìyàwó rẹ̀ láti fi tọ́ ọ sọ́nà, bí àṣà wọn bá gbà á láyè, bí kò bá sì ti ṣe é léṣe gidi. Ọwọ́ ìjọba la fi kọ ọ́. Ẹni bá ní ìyà obìnrin jẹ́ àṣà ìbílẹ̀ lásán, kó rántí pé ìwé òfin náà fọwọ́ sí i.

Ilé tí kò ní àdírẹ́sì

Ní 1971, ní àdúgbò Chiswick ní Lọ́ńdọ̀nù, Erin Pizzey àti àwọn obìnrin mìíràn ṣí ilé kékeré kan tí àwọn ìyá àdúgbò lè máa wá jókòó sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin tí ara wọn kún fún ọgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, wọn ò sì fẹ́ padà sílé. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ìjókòó di ilé sísùn. Ilé náà kún àkúnya. Nígbà tó fi máa di 1974, irú ilé bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ débi tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún gbogbo wọn. Ní 1979, àwọn obìnrin dúdú àti àwọn ọmọ Éṣíà dá Southall Black Sisters sílẹ̀, torí pé wàhálà tiwọn ní ẹ̀ka tí àwọn tó kù ò rí. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni ti obìnrin tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ so mọ́ ti ọkọ. Ìyàwó Yorùbá tó bá ọkọ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù mọ ìbẹ̀rù yẹn dáadáa: bí mo bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣé wọn ò ní dá mi padà sílé?

Nílé níbí, ọdún 1999 ni Josephine Effah-Chukwuma dá Project Alert sílẹ̀ l'Ékòó. Iṣẹ́ wọn ni láti tako ìwà ipá sí obìnrin. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kọsẹ̀ lára ohun kan náà tí àwọn ará Chiswick kọsẹ̀ lára rẹ̀: obìnrin á wá gba ìmọ̀ràn, lọ́yà á bá a kọ lẹ́tà, àmọ́ nígbà tí ọjọ́ bá rọ̀, ibo ló ń lọ? Ní 2001, wọ́n ṣí Sophia's Place, ọ̀kan nínú àwọn ilé ààbò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà fún obìnrin tó sá fún ìyà nínú ilé.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ilé ìtura ni. Kò sí pátákó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Wọn kì í sọ àdírẹ́sì rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, àní fún ìyá obìnrin náà, torí pé ọkọ lè lọ sunkún lọ́dọ̀ ìyá ìyàwó títí yóò fi sọ ọ́. Obìnrin lè kó àwọn ọmọ rẹ̀ dání wá. Ẹnì kan wà tó máa gbọ́ tẹnu rẹ̀ láìdájọ́, wọ́n á mú un lọ sí ilé ìwòsàn, lọ́yà á ṣàlàyé ohun tí òfin sọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́, owó àti ilé tuntun yóò wá. Kì í ṣe ibi tí èèyàn ń gbé títí ayé. Afárá ni.

Ẹ fi wé òpó ilé ìjòyè. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn kò sọ pé kó di ìyàwó òun. Kò bi í pé èló ni ìdána. Kò ní kó fi ọmọ sílẹ̀. Nínú gbogbo ilẹ̀kùn tí a ti ń kà bọ̀, èyí ni àkọ́kọ́ tó ṣí láì ní kí obìnrin fi ara rẹ̀ san án.

Òfin tẹ̀ lé wọn

Ní 2007, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tó dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ ìwà ipá nínú ilé. Òfin yẹn kò dúró sórí lílù nìkan. Ó ka fífi oúnjẹ àti owó duni, ìhàlẹ̀, títẹ̀lé èèyàn kiri àti bíba dúkìá jẹ́ mọ́ ọn. Ó jẹ́ kí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ lè gba àṣẹ ààbò ní kóòtù, kí kóòtù sì lè ní kí ẹni tó ń fìyà jẹni má ṣe sún mọ́ ọn. Ọkùnrin tí ìyàwó ń lù náà lè lò ó. Ẹ̀kìtì ṣe tirẹ̀ ní 2011. Ní 2013, Mirabel Centre ṣí nínú ọgbà ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkẹjà fún àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, ìtọ́jú àti ìmọ̀ràn lábẹ́ òrùlé kan. Ní 2014, Èkó kó ọlọ́pàá, dókítà, lọ́yà àti àwọn wẹ́fíà jọ sínú ikọ̀ kan tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2021, òfin sọ ikọ̀ náà di àjọ ìjọba pátápátá.

Òfin àpapọ̀ ní tirẹ̀ jáde ní May 2015. Ó fi lílu ìyàwó tàbí ọkọ ṣe ẹ̀ṣẹ̀ gbangba, àmọ́ Àbújá nìkan ló ti múlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ ṣe tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kí òmíràn tó ṣe é.

Láti March 2020 ni a tún rí ìdí tí ibùsùn fi ṣe pàtàkì ju ìwé lọ. Ìjọba ní kí gbogbo èèyàn Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sílé nítorí àrùn Kòrónà. Fún obìnrin yàrá kẹsàn-án, ilé gan-an ni àrùn. Fóònù àwọn tó ń gba ẹjọ́ irú èyí kò sinmi mọ́.

Ìwádìí ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe káàkiri ìlú ní 2018 fi hàn pé nínú 100 obìnrin tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, 31 ni wọ́n ti lù rí láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọdún 15. Ó lé ní ìdajì àwọn tí wọ́n fìyà jẹ tí kò wá ìrànlọ́wọ́ kankan. Àwọn tó sì wá a, ilé bàbá ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ jù, kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í ṣe lọ́yà. Ẹ rí i báyìí? Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, kóòtù, òfin, àjọ, ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ṣì ni ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. Ẹbí ni. Aládùúgbò ni. Àwa ni.

Yàrá kẹsàn-án

Nítorí náà, a padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ní òru yẹn, obìnrin yẹn di òpó mú. Kò mọ orúkọ ohun tó ṣe, àwa náà ò mọ̀ ọ́n, àmọ́ ohun tó ṣe nìyẹn. Ilẹ̀kùn sì ṣí. Ilẹ̀ mọ́ ni àwọn àgbà wá gba owó ọ̀nà: eékún rẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, iwájú gbogbo ilé.

A ti bi ara wa léèrè ohun tí yàrá mẹ́rìnlá lè ṣe nígbà náà. Nǹkan ńlá kọ́. A lè jẹ́ ẹlẹ́rìí, irú èyí tí Johnson kọ nípa rẹ̀: kí a kọ ọjọ́ àti aago tí a gbọ́ ọ sílẹ̀, kí a sì sọ ọ́ níwájú ẹni tó bá béèrè. A lè lọ kan ilẹ̀kùn wọn pé iyọ̀ la wá yá, kí ọwọ́ tó gbé sókè lè sọ̀ kalẹ̀. A lè tẹ 112. A lè sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn kí dókítà kọ ohun tó rí, torí ìwé yẹn máa wúlò ní kóòtù. A lè bá a tọ́jú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ àti ìwé ìbí ọmọ sí yàrá tiwa. Bó bá lọ, a lè pa ẹnu wa mọ́ nípa ibi tó lọ. Lékè gbogbo rẹ̀, a lè jẹ́ kó yan ohun tó fẹ́ fúnra rẹ̀. Òun ló mọ ọkùnrin náà jù wá lọ, ó sì lè mọ̀ pé ọjọ́ tí òun bá fẹ́ kúrò gan-an ni ọjọ́ tó léwu jù.

Ìyá wa ti dàgbà báyìí. Nígbà tí a fẹ́ kọ èyí, a pè é lórí fóònù, a bi í bóyá ó rántí obìnrin yàrá kẹsàn-án. Ó dákẹ́ pẹ́ díẹ̀. Ó ní òun rántí bàtà kan ṣoṣo yẹn, pé ó wà lábẹ́ ibùsùn òun fún ọ̀pọ̀ ọdún kí òun tó jù ú nù. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé:

"Mo ṣílẹ̀kùn fún un, ẹ̀yin náà rí i. Mi ò kàn mọ̀ pé ó yẹ kí n tì í mọ́ àwọn tó ń bọ̀ láàárọ̀ ni."